Aràn Ẹlẹ́dẹ̀ ní Agboolé Ẹlẹ́ja

Ẹ̀yin ará Ṣakí, mo ti padà dé, mo sì ti jẹ ọkà ilé yó kí n tó jókòó kọ ìròyìn yìí fún yín. Àwọn tó wá kí mi bi mí bóyá òótọ́ ni pé ẹja pọ̀ ju èèyàn lọ ní Ẹ̀pẹ́. Òótọ́ ni. Wọ́n bi mí bóyá ọ̀sà kò lópin. Ó lópin, ojú ni kì í débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹja àti omi kọ́ ló gbé mi jókòó. Inú ló ń bí mi. Inú ló bí mi lọ, inú ló sì bí mi bọ̀, ohun tó bí mi nínú lọ kọ́ ló sì bí mi nínú bọ̀.

Ọmọ ìlú wa kan, Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú, ló pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí Ràmátù, obìnrin kan fẹ́ kú mọ́ mi lọ́wọ́, oògùn rẹ̀ sì wà ní ọ́fíìsì mi. Ó ní òun kò ní gbé e mì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ní gbé e mì. Ó ní, "Ẹ̀bi mi ni."

Benson

Nílé wa níbí, bí àlejò bá béèrè ọ̀nà, ẹni tó bi yóò sọ ẹrù tirẹ̀ kalẹ̀, yóò sì mú un débẹ̀. Ní Benson, níbi tí mo ti bọ́ sílẹ̀ ní Ìkòròdú, mo dúró níwájú obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agboòrùn. Mo kí i, mo tún kí i, mo béèrè ọ̀nà Agric.

"Màmá, ẹ sún díẹ̀," ló fi dá mi lóhùn. "Ẹ ti dí ọjà mi."

Mo sún. Ó ta káàdì méjì. Ìgbà náà ló wá wo ilà ojú mi. "Ẹ kì í ṣe ará ibí."

"Ṣakí ni mo ti wá."

"Ṣé ibẹ̀ ṣì wà ní Nàìjíríà?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó pe ọlọ́kadà kan. "Wò ó, Agric ni màmá yìí ń lọ. Má gbé wọn yípo o. Mo mọ nọ́ńbà ọ̀kadà ẹ." Ó yíjú sí mi. "Ẹ di gèlè yín mú, màmá. Ọ̀pọ̀ gèlè ló ti já bọ́ lójú ọ̀nà yẹn."

Bí wọ́n ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn. Wọn lè má kí ọ káàbọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ kí o sọnù.

Ẹ́sítéètì kan lẹ́yìn Agric ni Bọ́lá ń gbé, láàárín òṣìṣẹ́ ìjọba àti òṣìṣẹ́ báńkì. Kí n tó kírun àárọ̀ tán, gbogbo wọn ti wọ mọ́tò lọ sí Èkó, ilé á sì pa rọ́rọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá kan lẹ́nu géètì, ó sáré kọjá. Ní ọjọ́ kejì ó wá bẹ̀ mí. Ó ní òun rò pé nǹkan ló bọ́ sílẹ̀ tí mo ń wá.

Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn

N kò ní dárúkọ ilé ìwòsàn tí Bọ́lá mú mi lọ. Bẹ́ǹṣì kan wà lẹ́yìn níbẹ̀ fún àwọn tí wọ́n ní kòkòrò éèdì lára. Ilà pupa wà lára káàdì wọn. Wọ́n ní nítorí kí iṣẹ́ lè rọrùn ni. Mo jókòó pẹ̀lú wọn láti àárọ̀ títí oòrùn fi mú, kò sì sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo ń wá.

Birikilà kan ní eyín ń dun òun. Òṣìṣẹ́ tó ń gba káàdì wo ilà pupa náà, ó ní, "Kòkòrò yẹn ni." Obìnrin kan ní ikọ́ ń ṣe òun láti ìgbà tí aládùúgbò ti ń sun táyà. "Kòkòrò yẹn náà ni." Bàbá àgbà kan ní òun fi ẹsẹ̀ gbá òkúta, kókósẹ̀ rẹ̀ sì wú bí ọsàn. "Bàbá, ẹ ṣáà máa lo oògùn yín."

Birikilà náà rọra yíjú sí mi. "Ìyá," ó ní, "bí mọ́tò bá gbá mi lọ́la, kòkòrò yẹn ni wọ́n máa ní ó wà á."

Bẹ́ǹṣì yẹn ni Múìnátù, obìnrin tí Bọ́lá tìtorí rẹ̀ pè mí, jókòó sí fún ọdún kan gbáko. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an nìyẹn. Mo pa á dà, mo pa ti àwọn ará ilé rẹ̀ dà pẹ̀lú, nítorí òun ló ní kí n kọ ọ́, òun náà ló ní kí n má dárúkọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ìkòròdú ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ni éèdì pa á sí, ó sì fi kòkòrò náà àti ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ fún un. Múìnátù padà sí ilé bàbá rẹ̀, ó ń lo oògùn tí ìjọba ń pín, ara rẹ̀ sì ń mókun. Àfi bí gìrì ṣe bẹ̀rẹ̀. Á ṣubú lulẹ̀, ojú rẹ̀ á yí, ọwọ́ òsì rẹ̀ á máa jà pì-pì-pì bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde.

Ó wá sọ fún wọn nílé ìwòsàn. Wọ́n wo ilà pupa, wọ́n ní kòkòrò yẹn ló ti wọ ọpọlọ, kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Ó tún wá, wọ́n tún sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sínú káàdì kan náà, kò sì sí ẹni tó yẹ orí rẹ̀ wò. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú nìyẹn. Bí àrùn kan bá ti ní orúkọ ńlá, a kì í wo ohun tó sá pamọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́.

Fíìmù

Dókítà obìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá síbẹ̀ ló ní kí wọ́n lọ ya àwòrán orí Múìnátù. Múìnátù gbà kí n rí fíìmù náà. Bọ́lá gbé e sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á já. Mo rí àwọn nǹkan róbótó-róbótó nínú ọpọlọ, bí ẹ̀wà tó bọ́ sínú ẹ̀kọ.

Mo bi dókítà náà pé ṣé kì í ṣe éèdì ni tẹ́lẹ̀.

"Éèdì wà níbẹ̀, aràn náà wà níbẹ̀," ó ní. "Ara kan náà lè gba àlejò méjì. Kòkòrò éèdì ń dín agbára tí ara fi ń jà kù, aràn kì í sì í dúró kí wọ́n pe òun. Ṣùgbọ́n aràn ló ń gbé e ṣubú, aràn sì lóògùn."

"Aràn wo?"

"Èyí tó ń ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, màmá, kí ẹ lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó bá jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí kò jinná, inú ìfun rẹ̀ ni aràn gígùn náà máa ń gbé. Ó lè má mọ̀. Á máa rìn, á máa rẹ́rìn-ín. Ẹyin aràn á máa bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde. Bí kò bá fi ọṣẹ fọ ọwọ́, tó wá fi ọwọ́ kan oúnjẹ tàbí omi, inú ẹni tó bá jẹ oúnjẹ yẹn ni ẹyin náà máa pa sí, ọmọ aràn á sì lè wọ ọpọlọ rẹ̀. Ẹni yẹn lè má fojú kan ẹlẹ́dẹ̀ rí láyé."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ẹni tó jẹ ẹran náà ń rìn kiri. Ẹni tí kò jẹ ẹ́ ló ń ṣubú.

Ìgbà náà ni Bọ́lá wá jẹ́wọ́ ẹ̀bi tó sọ. Lọ́jọ́ tí fíìmù jáde, inú rẹ̀ dùn débi pé ó sáré jáde lọ bá Gàníyù, ẹ̀gbọ́n Múìnátù, ní kọ́rídọ̀. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, aràn ẹlẹ́dẹ̀ ni, ó lóògùn."

"Mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ni mo gbé fún un," Bọ́lá sọ fún mi. "Àǹtí, ọkùnrin yẹn wò mí bí ẹni tí mo tutọ́ sí lójú. Ó fa Múìnátù lọ́wọ́, wọ́n lọ. Mo tọ̀ wọ́n lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọn kò jẹ́ kí n wọlé. Wọ́n ní onígbàgbọ́ ni mí, mo fẹ́ sọ ilé ìmàle di ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n lè gbà láyè."

Ẹ̀pẹ́

Òórùn èéfín àti ẹja ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Agboolé náà kò jìnnà sí omi. Àwọn ọkọ̀ wà létí ọ̀sà, àwọ̀n wà lórí ògiri, ẹja epìyà àti ọ̀bọ̀kún sì wà nínú bàsíà tí wọ́n ṣì ń mí.

Ìyá Gàníyù, ìyá Múìnátù, jáde sí mi. Wọ́n ń sọ èdè Ìjẹ̀bú ibẹ̀ sí àwọn ará ilé, mo ń gbọ́ ìdajì, mo ń rẹ́rìn-ín sí ìdajì tó kù. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ mi, tí wọ́n rí i tí mo ṣe àlùwàlá tí mo kírun ọ̀sán, ojú wọn là díẹ̀.

"Ìwọ ọmọ òkè," wọ́n ní, "ṣé ẹ mọ ẹja jẹ lọ́dọ̀ yín? Kí o má gbé egungun mì, kí wọ́n má ní èmi ni mo pa akọ̀ròyìn."

Wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ kò jẹ ẹ́ rí, iṣu ewùrà ni, wọ́n rin ín, wọ́n sè é pẹ̀lú ẹja àti epo títí á fi rọ̀ ṣìnkìn. Mo jẹ ẹ́, mo lá ọwọ́. Ìyá Gàníyù rí i, inú wọn dùn. Ìgbà tí mo béèrè omi, wọ́n na ọwọ́ sí ife kan, wọ́n sì yára gbé e padà. Okùn pupa ni wọ́n so mọ́ etí rẹ̀.

"Kì í ṣe èyí," wọ́n ní. "Ti ọmọ yẹn ni."

Ìyàwó Gàníyù ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Lọ́jọ́ tí Gàníyù ti ilé ìwòsàn dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀, ìyá kó gbogbo abọ́, ìkòkò àti ife tí Múìnátù ń lò lọ sẹ́bàá kànga. Wọ́n fọ̀ wọ́n nígbà méje, wọ́n sì fi iyẹ̀pẹ̀ pa wọ́n lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe gbọ́ pé wọ́n ń fọ ohun tí ẹranko àìmọ́ bá fẹnu kàn. Láti ọjọ́ yẹn, Múìnátù ń dá jẹun ni.

Mo rìn lọ sí kànga náà. Mo ka ìṣísẹ̀ mi láti ibẹ̀ dé ṣáláńgá. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré.

"Omi kànga yìí tutù ju ti gbogbo àdúgbò lọ," Ìyá Gàníyù sọ lẹ́yìn mi.

Níbi ìyan ẹja

Ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ni mo ti bá Múìnátù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ń to ẹja àrọ̀ sórí irin, ó fi ìrù wọn bọ ẹnu wọn. Àpá iná gùn ní apá òsì rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, lórí àpótí, ni ìyá rẹ̀ jókòó, wọ́n di etí ìró rẹ̀ mú. Bí gìrì bá dé, wọ́n á fà á sẹ́yìn kó má baà wọ inú iná. Ìyá tí kò lè fẹnu kan ife ọmọ rẹ̀ ló ń jókòó bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, tí èéfín ń ta wọ́n lójú.

Nígbà tí ìyá dìde lọ kírun, mo gba etí ìró náà lọ́wọ́ wọn. Múìnátù sọ̀rọ̀ láì wẹ̀yìn.

"Ẹ̀yin náà fẹ́ sọ fún mi pé kí n gbé oògùn mì."

"Mo fẹ́ gbọ́ ìdí tí o kò fi gbé e mì."

"Éèdì, mo ti gbà. Ọkọ mi ló kó o ràn mí, kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Wọ́n káàánú mi. Àmọ́ ẹlẹ́dẹ̀?" Ó yí ẹja kan padà. "Ẹ bá mi rò ó, Àǹtí. Bí mo bá gbé oògùn yẹn mì tí gìrì kò dúró, mo kú. Bí gìrì bá wá dúró ńkọ́? Wọ́n á ní ẹ rí i, oògùn aràn ẹlẹ́dẹ̀ ló mú un, ó jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lóòótọ́. Bọ̀dá mi ti búra. Ó ní bó bá ti di òótọ́, àwọn ọmọ mi kò ní bá mi gbé mọ́, òun á kó wọn lọ bá àwọn ẹbí bàbá wọn ní Ìkòròdú. Kí n yè, kí n pàdánù wọn?"

"Ṣé o jẹ ẹ́ rí?"

Ó wá yíjú wò mí. "Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí," ó ní.

Kò jẹ ẹ́ rí.

Gààrí ọjọ́ Jímọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ ni Gàníyù máa ń ti Ìkòròdú wálé. Mo ti múra láti kórìíra rẹ̀, kò sì rọrùn. Ọkùnrin gíga ni, ẹ̀rín rẹ̀ kún ẹnu, ó ra búrẹ́dì fún àwọn ọmọ Múìnátù, ó gbé èyí àbúrò nínú wọn kọ́ ọrùn. Ó ń pè mí ní "Àǹtí Oníròyìn."

Agboolé náà ní àṣà kan. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, olórí ilé fúnra rẹ̀ ló máa ń po gààrí fún gbogbo èèyàn nínú ọpọ́n igi kan, ọwọ́ rẹ̀ ló sì máa ń fi rò ó. Bàbá wọn ló dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ọwọ́ Gàníyù ló rọ́pò ọwọ́ bàbá. Gààrí Ìjẹ̀bú tó kan, omi kànga tó tutù, ẹja yíyan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Mo rí Gàníyù tó ti ṣáláńgá jáde. Ó da omi díẹ̀ láti inú búta sí orí ìka. N kò rí ọṣẹ. Ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó ki ọwọ́ bọ ọpọ́n títí dé ọrùn ọwọ́, ó ń rò ó, ó ń dá àpárá. Ife mi ló kọ́kọ́ bù kún. Mo mu ún. Àlejò kì í kọ ọwọ́ onílé. Mo ń kọ èyí síbí kí ẹ lè mọ bí ẹ̀gbin ṣe ń fi ojú rere wọlé.

Wọ́n bu ti Múìnátù sínú ife olókùn pupa, wọ́n gbé e sí ẹnu ọ̀nà fún un.

"Ó dùn mí ju bó ṣe dun ẹnikẹ́ni lọ," Gàníyù sọ fún mi, ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Nígbà tó ti Ìkòròdú dé, tí kò lè gbé ọwọ́ sókè, ta ló bọ́ ọ? Ọwọ́ mi yìí ni. Lójoojúmọ́ tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ bi Màámi. Òun wá lọ ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn mi."

Mo wo ọwọ́ náà. Mo bi í pé, "Bọ̀dá Gàníyù, kí ni ẹ̀yin máa ń jẹ ní ibi iṣẹ́?"

"Ohun tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń jẹ. Obìnrin kan máa ń din ẹran lẹ́nu géètì. Ẹran ata báyìí, Àǹtí, á ta ọ́ dé etí." Ẹ̀rín ti padà.

"Ẹran kí ni?"

"Ẹran ni ẹran. Ta ló ń bi í ní orúkọ?"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Gàníyù gbé ife wọn sílẹ̀, wọn kò sì tún gbé e mọ́.

Ike méje

Àfáà àgbà kan wà ládùúgbò, ọ̀rẹ́ bàbá wọn, tó máa ń wá mu nínú gààrí náà. Mo tọ̀ wọ́n lọ. Mo sọ ohun tí dókítà sọ, bó ṣe sọ ọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Wọ́n ní ọmọbìnrin yẹn jẹ ohun tí Ọlọ́run kọ̀. Ẹlẹ́rìí dà?"

"Kò sí, Àfáà."

"Èmi náà kò béèrè rẹ̀. Mo gbọ́, mo dákẹ́." Wọ́n pa irùngbọ̀n. "Mo ti ń wàásù àlùwàlá láti ìgbà tí irùngbọ̀n yìí ti dúdú. Mo rò pé Ọlọ́run nìkan là ń fọ ọwọ́ fún."

Ọlá Àfáà ni Bọ́lá fi rí ọ̀nà wọlé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, pẹ̀lú ike kékeré méje ọlọ́mọrí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún gbogbo ẹni tó ń mu gààrí Jímọ̀: Ìyá Gàníyù, Gàníyù, ìyàwó rẹ̀, Múìnátù, ọmọ rẹ̀ méjèèjì, àti Àfáà. Bọ́lá kúnlẹ̀ síwájú Gàníyù, ó ní òun ti la ẹnu òun níbi tí kò yẹ. Lẹ́yìn náà ó ṣàlàyé pé ìgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, láti mọ ẹni tí aràn gígùn wà nínú rẹ̀, kí ẹni yẹn náà lè gba oògùn.

Ẹnikẹ́ni kò na ọwọ́. Ìyá Gàníyù ní, "Ìgbẹ́ èmi arúgbó. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Àfáà mú ike kan. "Ohun tí gbogbo wa ní ni wọ́n béèrè," wọ́n ní. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé mi tí wọ́n máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi tí n kò ní sọ pé kò sí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń mú un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ku Gàníyù.

"Èmi ńkọ́? Ta ló ń ṣàìsàn níbí, èmi àbí òun?"

"Mo mú tèmi," ni gbogbo ohun tí Àfáà sọ.

Gàníyù mú un.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ike mẹ́fà wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, orúkọ wà lára wọn. Ìkeje wà lójú fèrèsé yàrá Gàníyù, ó mọ́ tónítóní, ọmọrí rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ti lọ síbi iṣẹ́, wọ́n pè é ní kíákíá. Ọjọ́ Àìkú ni. Bọ́lá fa fóònù yọ láti pè é.

"Fi í sílẹ̀," Ìyá Gàníyù sọ.

Múìnátù dúró lẹ́nu ibi ìyan ẹja. Òun àti ìyá rẹ̀ wo ike ojú fèrèsé náà. Wọn kò wo ara wọn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ni èsì dé. Aràn gígùn náà kò sí nínú ìgbẹ́ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀kan kò tó búra lé, wọ́n máa tún un yẹ̀ wò. Ó ní òun kò lè sọ ohunkóhun nípa ike tí òun kò rí. Èmi náà kò sọ. Mo kàn ń sọ fún yín ibi tó wà.

Ọpọ́n

Ọjọ́ Jímọ̀ kejì dé, Gàníyù kò wálé. Ó ránṣẹ́ pé iṣẹ́ pọ̀. Wọ́n kírun tán, Àfáà dé, wọ́n jókòó sí àyè wọn, àwọn ọmọ jókòó. Ọpọ́n wà lórí pẹpẹ, kò sí ẹni tó gbé e.

Ẹ̀yin ará ilé mi, mo ti jókòó sí ilé ẹjọ́, mo ti gbọ́ ìdájọ́ adájọ́ oríṣiríṣi. N kò rí èyí tó tó ti ọjọ́ yẹn. Ìyá Gàníyù dìde, wọ́n gbé ọpọ́n ọkọ wọn, wọ́n gbé e lọ sẹ́bàá kànga. Wọ́n jókòó lé àpótí. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n dà á nù, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Wọ́n bu iyẹ̀pẹ̀, wọ́n fi pa á yíká, wọ́n ṣan án. Ẹni tó ń kà á nínú wa kò kà á sókè, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ìkeje, Àfáà sọ pé, "Ó tó." Wọ́n béèrè ọṣẹ. Ìyàwó Gàníyù sáré mú un wá. Wọ́n fọ ọwọ́ wọn títí dé ìgbọ̀nwọ́. Omi tí wọ́n fi po gààrí lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti kànga. Omi tí wọ́n sè láàárọ̀ tí wọ́n jẹ́ kó tutù ni.

Wọ́n gbé ọpọ́n náà dé iwájú Múìnátù. "Fọ ọwọ́ rẹ," wọ́n ní. "Ìwọ lo máa pò ó."

Múìnátù tẹ̀ síwájú lójijì. Mo rò pé gìrì ló fẹ́ dé, mo di ìró rẹ̀ mú. Kì í ṣe gìrì, ọṣẹ ló nawọ́ mú. Ìgbà tó pò ó tán, ìyá rẹ̀ kò gba ife tí wọ́n nà sí wọn. Wọ́n na ọwọ́ sí ife olókùn pupa, wọ́n bù ú kún, wọ́n sì mu ún tán láì gbé e sílẹ̀.

"Àǹtí," Múìnátù sọ, "ẹ pe Nọ́ọ̀sì Bọ́lá. Ẹ ní mò ń bọ̀ lọ́la."

Èmi àti òun la jọ lọ. Ilé ìwòsàn ní láti dá a dúró kí wọ́n lè máa wò ó bó ṣe ń lo oògùn náà, nítorí aràn tó ń kú nínú ọpọlọ máa ń jà kó tó kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ kíkó wọn lọ mọ́. Nígbà tí mo fi í sílẹ̀ ní Ìkòròdú, ó ti gbé oògùn àkọ́kọ́ mì. Wọn kò jẹ́ kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Dókítà náà ló ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì yẹn kúrò. Wọ́n ti gbé e wá síwájú. Ilà pupa ṣì wà lára káàdì.

Kí n tó kúrò nílé wọn ní Ẹ̀pẹ́, mo kọjá lábẹ́ fèrèsé Gàníyù. Ike náà ṣì wà níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń gbá ilẹ̀ yàrá, ó nu ojú fèrèsé, ó gbé ike náà sókè, ó nu abẹ́ rẹ̀, ó sì gbé e padà sí àyè rẹ̀.